Ìtàn Ìgbésí Ayé Robert Boyle

Ìwọ tí ò ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá sílẹ̀, ó dájú pé o ti gbọ́ orúkọ Robert Boyle nínú kíláàsì físíìsì tàbí ti kẹ́mísírì. Òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni olùkọ́ máa ń kọ sí ojú pátákó: bí ìgbóná kò bá yí padà, bí a bá ṣe ń há afẹ́fẹ́ mọ́ ààyè kékeré tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ó fi ń ti ohun tí ó sé e mọ́ yóò ṣe máa pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti há òfin yìí sórí, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọkùnrin náà parí sí. Kò parí síbẹ̀ o. Òun kan náà ni ó kọ́kọ́ ya omi kan sọ́tọ̀ láti inú èéfín igi, omi tí ó mọ́ gaara bí omi òjò, tí ó ń rùn bí ọtí, tí ó sì lè fọ́ ènìyàn lójú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ìtàn omi náà ni mo fẹ́ kí o bá mi tọ̀ lẹ́sẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

O kò ní láti lọ jìnnà kí o tó rí irú omi tí mò ń wí. Wọ ọkọ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà, kí o kọrí sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Bí o bá dé Ìyànà Iyesi, o ti wà ní àárín ọ̀kan nínú àwọn agbègbè tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbi gbogbo ní ayé tí a bá ti ń po ọ̀dà, tí a ń ṣe oògùn, tí a ń ṣe ike tàbí tí a ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá, a kò lè ṣe é kí a má lo omi tí ń yọ́ nǹkan, èyí tí omi lásán kò lè yọ́. Méjì tí a mọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ni ethanol àti methanol. Ethanol ni ó wà nínú ẹmu, bíà àti ògógóró. Methanol ni tiwa lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1627 ni a bí Robert Boyle, ní ilé olódi Lismore ní ilẹ̀ Ireland. Richard Boyle, baba rẹ̀, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ohun púpọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó dé Ireland, ṣùgbọ́n tí ó di olówó ńlá, tí wọ́n sì fi jẹ oyè Earl ti Cork. Ọmọ 15 ni ó bí. Ìkẹrìnlá ni Robert, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọkùnrin. Bí baba náà ti lówó tó, kò fẹ́ kí ọmọ òun dàgbà sínú kẹ́, nítorí náà ó gbé e fún obìnrin kan ní abúlé kí ó bá a tọ́ ọ. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà èwe rẹ̀ yìí náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kólòlò: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kólòlò ni ó ń sín jẹ, ni eré bá di bárakú.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé Eton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1639 òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Francis bá olùkọ́ kan rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun, wọ́n sì fi ìlú Geneva ṣe ibùjókòó. Ní òru ọjọ́ kan níbẹ̀, àrá sán, mànàmáná kọ, ẹ̀rù ba ọmọdékùnrin náà, ó rò pé ọjọ́ ìdájọ́ ti dé. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì fi ẹ̀sìn ṣeré mọ́ títí ó fi kú. Láti Geneva wọ́n lọ sí Ítálì. Ìlú Florence ni wọ́n wà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1642 nígbà tí Galileo, àgbà onímọ̀ tí ó ti fọ́jú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, kú ní tòsí ibẹ̀. Robert kò bá a sọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti ń ka ìwé rẹ̀.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ireland, owó tí baba ń fi ránṣẹ́ dáwọ́ dúró, Robert sì há sí Geneva. Baba rẹ̀ kú ní ọdún 1643. Nígbà tí ó fi padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1644, ogun abẹ́lé ń jà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Katherine, ìyàwó Lord Ranelagh, ni ó gbà á sílé. Obìnrin náà mòye, ó sì mọ àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, mi ò rò pé Robert ì bá di ohun tí ó dà. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin náà fi kó lọ sí oko tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Stalbridge. Ó ránṣẹ́ ra iná ìléru alámọ̀ kan ní ọdún 1647 kí ó lè máa dán nǹkan wò. Wẹ́wẹ́ ni iná ìléru náà fọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá pa iṣẹ́ náà tì. Boyle dúró títí tí ó fi rí òmíràn, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 1649 iná ti ń jó nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà mẹ́nu kàn. Ní ọdún 1654, àìsàn ńlá kan kọ lù ú. Láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí kò lè fi iná àbẹ́là kàwé mọ́. Àwọn akọ̀wé ni ó ń pè tí wọ́n ń bá a kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń ka iye ìwé tí Boyle kọ, rántí pé ẹnu rẹ̀ tí ń kólòlò ni ó fi sọ púpọ̀ nínú wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1655 ó kó lọ sí Oxford. Ibẹ̀ ni ó ti gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ mú ṣáṣá síṣẹ́, Robert Hooke. Hooke bá a ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ìgò. Wọ́n fi àbẹ́là tí ń jó sínú rẹ̀, ó kú. Wọ́n fi ẹyẹ sí i, ó dákú. Wọ́n fi aago sí i, wọn kò gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa mọ́. Ìwé tí ó fi ròyìn iṣẹ́ yìí jáde ní ọdún 1660. Ní ọdún 1662, láti dá àwọn tí ń ta kò ó lóhùn, ni ó gbé òfin tí o mọ̀ náà jáde.

Ọdún 1661 ni ti igi. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀mọ̀wé pín sí. Àwọn kan ń tẹ̀lé Aristotle pé ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti iná ni a fi dá ohun gbogbo. Àwọn kejì ń tẹ̀lé Paracelsus pé iyọ̀, imí-ọjọ́ àti mákúrì ni. Apá méjèèjì gbà pé iná ni adájọ́: gbé igi ka iná, ohun tí ó bá jáde lára rẹ̀ ni ohun tí a fi dá a. Boyle kò jiyàn lẹ́nu lásán. Ó mú igi kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní box, igi líle ni, ó kó ègé rẹ̀ sínú ohun èlò ọlọ́rùn gígùn, ó sì dáná sí i nídìí. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, igi náà kò gbiná. Ó di èédú. Èéfín gba ọrùn ohun èlò náà kọjá, ó tutù, ó sì ń kán sínú ìgò. Bí o bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń sun èédú ní oko rí, o mọ òórùn èéfín yìí, bí ó ṣe ń ta ènìyàn nímú. Omi tí ó kán náà kan bí ọtí kíkan. Lójú àwọn àgbà, ohun kan ṣoṣo ni.

Boyle wá mú iyùn. Irú iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, tí a ń hú láti inú òkun, òun náà ni. Ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì fi ásíìdì inú omi kíkan náà bá a jà. Ásíìdì náà jẹ iyùn, ó dì mọ́ ọn, kò sì lè bá ooru fò jáde mọ́. Nígbà tí ó tún gbé omi náà ka iná, èyí tí ó kán jáde lọ́tẹ̀ yìí kò kan mọ́ rárá. Kò jẹ iyùn, kò sì ṣe bí ásíìdì. Omi tí gbogbo ayé ń pè ní ẹyọ kan ti di méjì! Boyle fún ìkejì yìí ní orúkọ kan tí ó túmọ̀ sí ohun tí kò sí ní apá ibí, tí kò sì sí ní apá ọ̀hún. Kò tíì mọ́ tán, ṣùgbọ́n methanol ni. Ó kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé tí ó pè ní The Sceptical Chymist, èyí tí ó kọ bí ẹni pé àwọn ọ̀rẹ́ kan ń jiyàn nínú ọgbà. Ìbéèrè tí ó fi síwájú àwọn àgbà kò ṣòro láti lóye: bí iná bá lè gbé ohun méjì jáde tí ẹ ń pè é ní ọ̀kan, báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ohun yòókù tí ẹ ń kà kì í ṣe àdàlù pẹ̀lú?

Ó di ọdún 1834 kí àwọn ará Faransé méjì, Dumas àti Péligot, tó mọ ohun tí a fi dá omi náà gan-an. Káábọ̀nù kan, háídírójìn mẹ́rin àti ọ́síjìn kan ni ó wà nínú methanol. Ti ethanol jẹ́ káábọ̀nù méjì, háídírójìn mẹ́fà àti ọ́síjìn kan. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan lórí bébà.

Lójú ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà. Ti pẹ́ńsù bọ ife omi, yóò dà bí ẹni pé ó ti kán, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ó bá ti inú omi jáde. Àwọn onímọ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ó ṣe ń tẹ̀ tó nínú ohun kọ̀ọ̀kan. Ti omi jẹ́ 1.33, ti methanol 1.33, ti ethanol 1.36. Kò sí ojú ènìyàn kan tí ó lè mọ ìyàtọ̀ yẹn nínú ìgò. Gbé wọn sórí òṣùwọ̀n: lítà kan ethanol jẹ́ nǹkan bíi kílò 0.79, lítà kan methanol jẹ́ nǹkan bíi kílò 0.79. Ohun èlò tí àwọn ọlọ́tí fi ń wọn bí ọtí ṣe le tó kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣáná sí wọn: àwọn méjèèjì yóò jó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé ògógóró tí ó bá ti gbiná ti dára. Methanol pàápàá ń gbiná, iná rẹ̀ sì rẹ̀ dòdò tó bẹ́ẹ̀ tí o lè má rí i nínú oòrùn ọ̀sán. Ìgbà tí o bá gbé wọn ka iná pẹ̀lú ohun èlò tí ń wọn ìgbóná ni àṣírí yóò tú díẹ̀: methanol ń hó ní nǹkan bíi 65°C, ethanol ní 78°C, omi ní 100°C.

Nínú ara ènìyàn ni wọ́n ti yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀dọ̀ a máa sọ ethanol di ohun tí ó jọ ọtí kíkan, ara a sì lò ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kan náà a sọ methanol di ásíìdì tí a kọ́kọ́ rí lára èèrà, èyí kì í sì í tètè kúrò lára. Ó máa ń gbógun ti iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ. Ìwọ̀nba bíi ṣíbí ìmu-tíì méjì ogidi methanol lè fọ́ ènìyàn lójú. Ohun tí ó burú jù ni pé kì í tètè fi ara hàn. Ẹni tí ó mu ún yóò rò pé ọtí lásán ni ń pa òun, yóò sùn, yóò jí, kí orí fífọ́, èébì àti ojú bàìbàì tó dé, nígbà mìíràn lẹ́yìn wákàtí 12 tàbí 24.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù kẹrin ọdún 2015 nìyẹn. Lójijì ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé orí ń fọ́ wọn, pé àwọn kò ríran mọ́, tí wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan péré. Àwọn tí ó kú ju mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rù Ebola ti ọdún 2014 kò tíì kúrò lára àwọn ènìyàn, nítorí náà òun ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ rò. Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe òun. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ni ó ń bínú nítorí ojúbọ rẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́. Àwọn mìíràn, títí kan àwọn onímọ̀ ìlera, ro ti oògùn tí a fi ń pa koríko. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Èkó ni ọ̀rọ̀ tó yanjú: methanol ni, inú ògógóró ni wọ́n sì ti mu ún. Ẹmu fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní methanol. Èyí tí ń pa ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹnìkan dà sí i nítorí èrè.

Kíyè sí i pé gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ sọ ní Òde-Ìrèlè ni ó ní ìdí tirẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ wèrè. Ohun tí ó ṣẹ́ àríyànjiyàn náà ni irú iṣẹ́ tí Boyle ṣe pẹ̀lú iyùn: mú ohun náà, dán an wò, kí o sì kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń kọ àwọn ìdánwò tí ó kùnà pẹ̀lú, èyí tí àwọn onímọ̀ ìgbà rẹ̀ kì í ṣe nítorí ojú ń tì wọ́n.

Ní ọdún 1664 ó tẹ ìwé kan jáde lórí àwọ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé bí oje òdòdó kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ aró ṣe ń di pupa bí a bá kán ásíìdì sí i, tí ó sì ń di àwọ̀ ewé bí a bá kán ohun tí ó lòdì sí ásíìdì sí i. Bébà litmus tí o ń lò nínú yàrá ìdánwò kò jìnnà sí èyí. Àwọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń kìlọ̀ fún ará ìlú lónìí: sípíríìtì tí a fi ń nu ojú egbò, tí ó jẹ́ ethanol tí a ti da methanol tàbí nǹkan kíkorò mọ́, ni wọ́n máa ń re ní aró tàbí ní àwọ̀ elésè-àlùkò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mu. Ojú kò lè rí methanol, nítorí náà wọ́n fún ojú ní ohun tí yóò rí.

Má ṣe rò pé Boyle kò ní àléébù. Títí ó fi kú ni ó gbà gbọ́ pé a lè sọ irin lásán di wúrà, ó sì wà lára àwọn tí ó rọ ìjọba tí wọ́n fi pa òfin tí ó lòdì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní ọdún 1689. Ó tún kọ àwọn ohun tí ó ń fẹ́ kí ìmọ̀ ṣe fún aráyé sílẹ̀ lórí bébà kan. Kí ẹ̀mí gùn wà níbẹ̀, kí ènìyàn lè fò wà níbẹ̀, àti kí eyín tuntun hù fún arúgbó.

Ní ọdún 1668 ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń gbé lọ́dọ̀ Katherine ní Pall Mall, ó sì ní yàrá iṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1670 àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, kò lè rìn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí òun wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1660, yàn án ní ààrẹ ní ọdún 1680. Kò gbà, nítorí pé ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè búra tí oyè náà bèèrè. Owó rẹ̀ ni ó fi tẹ Bíbélì ní èdè àwọn ará Ireland, kí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kà á. Kò fẹ́ ìyàwó, kò sì bímọ.

Katherine kú ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1691. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 31, ni Robert tẹ̀lé e, lẹ́ni ọdún 64. Inú ṣọ́ọ̀ṣì St Martin-in-the-Fields ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì náà láti tún un kọ́, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ibi tí sàréè rẹ̀ wà.